Ará Ilé Jósẹ́fù Dà?

Ìbéèrè kan tí Màmá kan bi wá nínú ìpàdé àdúgbò ìjọ wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ Ádífẹ́ǹtì tó kọjá, àsìkò tí a fi ń múra de Kérésì, ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ títí ọdún fi wọlé. Lúùkù orí kejì là ń kà, èyí tí gbogbo wa ti ń gbọ́ láti kékeré débi pé ó ti ń gba etí wa kọjá láìdúró. Kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ wa, ń ṣàlàyé bó ṣe máa ń ṣe é lọ́dọọdún: Késárì ní kí wọ́n ka àwọn ènìyàn, oníkálukú gba ìlú tirẹ̀ lọ, Jósẹ́fù gbéra ní Násárétì pẹ̀lú aya rẹ̀ tó lóyún, ó di Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, ìlú Dáfídì baba ńlá rẹ̀. Wọ́n dé ibẹ̀, wọn ò ráyè wọ̀ sí. Màmá ní kó dúró ná.

"Kátíkíìsì, ẹ má bínú o. Ṣé ìlú baba Jósẹ́fù lẹ pè é, àbí mo ṣì í gbọ́?"

"Ìlú baba rẹ̀ ni, Màmá."

"Ó wá mú olóyún dé ìlú baba rẹ̀, ó tún ń wá ilé èrò kiri? Àwọn ará ilé ẹ̀ dà?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kátíkíìsì ní èrò ló pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé gbogbo ilé ló kún. Màmá kàn mi orí. Ó ní ilé kì í kún fún obìnrin tó ń rọbí, pé bó bá ṣe agboolé tòun ni, àwọn ọkùnrin ni ì bá kó ẹní wọn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àyè lè wà nínú yàrá. Ìpàdé tẹ̀ síwájú. A yan àwọn tí yóò tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, a dá owó, a ṣe oore-ọ̀fẹ́, a tú ká. Ìbéèrè náà ò bá wa tú ká.

Ohun tí Lúùkù kò sọ

Ẹni tí wọ́n bí sí agboolé ní Bẹẹ̀rẹ̀ tàbí Òjé nílùú Ìbàdàn á mọ̀ pé Màmá kò ṣàwàdà. Ènìyàn lè pẹ́ lẹ́yìn odi fún ogún ọdún, kó má kọ̀wé, kó má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tó bá dé, ilé á gbà á. Wọ́n lè bú u tán kí wọ́n tó bu omi fún un, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ́ kó sùn síta. Tó bá wá jẹ́ pé aya rẹ̀ ń rọbí, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ọkọ nìyẹn. Àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ìyá àgbà á ti gba aya lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìtàn tí à ń sọ fún àwọn ọmọ wa, pé ọkọ àti aya kan ń kanlẹ̀kùn kiri ìlú baba wọn tí ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn, ìtàn ìtìjú ni létí Yorùbá. Kí ni Jósẹ́fù fi ṣe ará ilé rẹ̀? Àbí kí ni wọ́n gbọ́ nípa oyún náà? Mo rò pé ibi tí Màmá ń wò gan-an nìyẹn, bí kò tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀.

Mo padà sí Lúùkù, mo kà á bí ẹni tí kò kà á rí. Púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń ṣe eré Kérésì fún àwọn ọmọdé ni kò sí níbẹ̀. Kò sí onílé èrò kankan. Ní páríìṣì wa, ipa onílé èrò ni àwọn ọmọkùnrin máa ń jà sí, nítorí pé wọ́n á fi èédú ya irùngbọ̀n fún ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́, yóò sì ráyè pariwo lé Jósẹ́fù lórí. Lúùkù ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Kò sí màlúù, kò sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ìwé Aísáyà orí kìíní, ẹsẹ kẹta, ni wọ́n ti yá àwọn ẹran wọ̀nyẹn, níbi tí wòlíì ti ní màlúù mọ olówó rẹ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì mọ ibi tí olúwa rẹ̀ ti ń bọ́ ọ. Francis Mímọ́ ti Assisi ló wá kó ojúlówó màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí Greccio ní Kérésì ọdún 1223, kí àwọn ará abúlé náà lè fi ojú ara wọn rí i.

Àwọn onímọ̀ Bíbélì kan tilẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kí a ti máa fẹ̀sùn kan àwọn ará Bẹ́tílẹ́hẹ́mù lásán. Wọ́n ní ilé mẹ̀kúnnù ilẹ̀ náà nígbà yẹn sábà máa ń jẹ́ yàrá gbàǹgbà kan: ẹbí á wà lápá òkè, wọ́n á kó ẹran wọlé sí apá ìsàlẹ̀ lálẹ́, ibùjẹ ẹran á sì wà láàárín méjèèjì. Àlejò ní yàrá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí yàrá àlejò bá ti kún, àárín ẹbí gan-an ni wọ́n á gba olóyún sí, ibùjẹ ẹran ló sì yá fún ìkókó láti sùn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Màmá jàre: ará ilé wà, wọ́n sì ṣe ohun tí ará ilé ń ṣe.

Ó wù mí kí n fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, àmọ́ ẹsẹ keje kò jẹ́. Màríà bí ọmọ náà, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀já wé e, òun náà ló tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹran. Kò sí ìyá ọkọ níbẹ̀, kò sí agbẹ̀bí. Ta ló gbé omi kaná? Ta ló wẹ ọmọ? Nílẹ̀ wa, ta ló ń jẹ́ kí ìyá ìkókó fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ọmọ lọ́jọ́ kìíní? Bí ará ilé bá tilẹ̀ wà, Lúùkù kò rí wọn. Àwọn darandaran ló rí, àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni tan nínú ilé náà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa: bí darandaran bá ya wọ agboolé wa lóru ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí, tí wọ́n ní áńgẹ́lì ló rán àwọn wá wo ọmọ tuntun, ta ni yóò ṣílẹ̀kùn?

Àwọn tó kù

Ìbéèrè Màmá ì bá ti rọlẹ̀ lọ́kàn mi bí kì í bá ṣe pé ìgbà tí páríìṣì ń tú ló bọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà nílùú Ìbàdàn ló mọ ohun tí mò ń sọ. Bí Oṣù Kejìlá bá ti ń lé ní ogúnjọ́, àwọn ọmọ ìjọ tí wọ́n jẹ́ Ìgbò, Tífì, Ìdómà àti Ùròbò á ti di ẹrù. Gáréèjì Ìwó Road á máa hó. Àwa Yorùbá náà ò gbẹ́yìn: ọ̀kan gba Èkìtì, ọ̀kan gba Ìjẹ̀bú, ọ̀kan gba Ṣakí. Àwọn tó ń kọ béèsì nínú ẹgbẹ́ akọrin á ku ẹyọ kan, ọyẹ́ á sì ti gba ohùn lẹ́nu òun náà. Ọdún tí ariwo rẹ̀ pọ̀ jù nínú ìjọ ni ìjọ kì í pé.

Kò sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn lọ ilé. Ilé làbọ̀ simi oko. Jósẹ́fù náà, ṣebí ilé ló ń lọ. Ohun tó ń dùn mí ni ojú tí àwọn tó kù fi ń wo ara wọn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ ti kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé lè dá lába, tí wọ́n á fi kó tọkọtaya àti ọmọ mẹ́rin lọ kí wọ́n tún kó wọn bọ̀. Fún àwọn mìíràn, ojú ọ̀nà gan-an ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Àwọn tí kò lè lọ ti wá pọ̀ sí i, síbẹ̀ wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ ò tíì bi wọ́n tí wọ́n á ti ní, "A ò lọ lọ́dún yìí o." Ẹ ka àwọn nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ ọdún já lé lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn UCH mọ́ wọn, àti àwọn ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé àwọn tó rìnrìn-àjò, àwọn opó, àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà ní Kánádà, tó jẹ́ pé orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣọdún. Wọ́n jókòó káàkiri nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àlàfo gbọọrọ láàárín ẹnìkan sí èkejì, bí èrò tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ní gáréèjì.

Bẹ́ẹ̀ Ìbàdàn la wà o. Nínú oríkì ìlú yìí ni wọ́n ti ní Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Àwọn ọmọ onílẹ̀ kan máa ń fi gbólóhùn yẹn ṣàròyé, pé ìlú ń kẹ́ àlejò ju ọmọ bíbí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìtàn ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn jagunjagun tẹ̀dó síbí ní nǹkan bí ọdún 1829, ta ni ì bá ní òun nìkan ló nilé? Ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé, ará Ifẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, gbogbo wọn ló pàdé níbẹ̀. Ẹni tó dé láìlẹ́nìkan á lọ sá di ológun kan, wọ́n á fún un ní yàrá lágboolé, tó bá sì fi máa di ìran kejì, ta ló tún ń béèrè ibi tó ti wá? Bí ọ̀pọ̀ ẹbí ńlá Ìbàdàn ṣe di ẹbí nìyẹn: orùlé ló kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó dé. Àwọn Fádà SMA, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Àgùdà, tó dé lọ́dún 1895, àjèjì pátápátá ni wọ́n, ìlú sì gbà wọ́n títí a fi ní Òkè Pádì nínú orúkọ àdúgbò wa.

Ìyẹn ni mo ṣe ń bínú sí àlàfo inú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Páríìṣì tó wà nílùú tí wọ́n ti ń sọ àjèjì di ará ilé kò yẹ kó jẹ́ kí ẹni tí kò rówó ọkọ̀ san rò pé òun ò nílé.

Ìkúnlẹ̀

Mísà òru Kérésì wa kì í bọ́ sí ọ̀gànjọ́ mọ́. Nítorí ọkọ̀ àti ààbò, a ti fà á síwájú kí ènìyàn lè rílé dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló kọ Ìkéde Ìbí Olúwa kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó ń ka ọdún láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé, tó ń dárúkọ Ábúráhámù, Mósè àti Dáfídì, títí yóò fi dé ọdún 752 lẹ́yìn tí wọ́n tẹ Róòmù dó àti ọdún 42 Késárì Ògọ́sítù lórí oyè. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni àwọn tó pẹ́ máa ń wá àga.

A ka Ìhìnrere, Fádà wàásù ṣókí, a dìde fún Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi yòókù, bí a bá dé ibi tó ti ní Ọmọ Ọlọ́run gba ẹran ara nínú Màríà Wúńdíá tó sì di ènìyàn, a máa ń tẹrí ba ni. Ìgbà méjì péré lọ́dún ni ìwé Mísà ní kí á kúnlẹ̀ níbẹ̀: ọjọ́ tí áńgẹ́lì mú ìròyìn wá fún Màríà, 25 Oṣù Kẹta, àti ọjọ́ Kérésì. Oṣù mẹ́sàn-án géérégé ló wà láàárín méjèèjì; ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ka oṣù oyún mọ ohun tí ìjọ ń kà. Nítorí pé kì í ṣe ohun tí à ń ṣe lójoojúmọ́, ó máa ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan á tẹrí ba, àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, kí ẹlòmíràn tó rántí, a ti kọjá ibẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Fádà ti kìlọ̀ fún wa ṣáájú. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó dákẹ́, ó kúnlẹ̀, àwa náà kúnlẹ̀. Baba kan wà ní bẹ́ǹṣì kejì, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, tí orúnkún rẹ̀ kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Gbogbo wa mọ̀ pé Baba kì í kúnlẹ̀. Wọ́n ti yọ̀ọ̀da fún un tipẹ́ pé kó máa jókòó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó kọ̀. Ó di ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì iwájú mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin méjì sún mọ́ ọn, wọ́n gbá a mú lábẹ́ apá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ Tífì, alábàárù ni ní ọjà Bódìjà. Òun náà wà lára àwọn tí owó ọkọ̀ dá dúró. Ó pẹ́ kí orúnkún Baba tó kanlẹ̀. Fádà kò tẹ̀ síwájú. Ẹgbẹ́ akọrin kò kọrin. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí eékún, à ń retí ọkùnrin kan kó tó wa bá, bánńgà àwọn ọmọ àdúgbò sì ń dún níta bí ó ṣe wù wọ́n.

Ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀ kí ènìyàn. Ìdọ̀bálẹ̀ ni tirẹ̀. Obìnrin ló ń kúnlẹ̀, ìkúnlẹ̀ tó sì le jù nínú gbogbo ìkúnlẹ̀ rẹ̀ ni ti ìrọbí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ la fi ń bẹni. Láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀ níbi gbólóhùn yẹn. Ìbọ̀wọ̀ fún Ọlọ́run ni mo kà á sí, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí Baba, àgbàlagbà ọkùnrin tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ fún, tó ń fi ìrora wá ilẹ̀ kàn, ohun mìíràn ló sọ sí mi lọ́kàn. Ọjọ́ obìnrin kan ti pé, gbogbo ilé sì ń bá a kúnlẹ̀.

Nígbà tó di àsìkò ìkíni àlàáfíà, Màmá tó bi wá ní ìbéèrè ń bọ̀ láti bẹ́ǹṣì sí bẹ́ǹṣì. Kò sọ ohun tí ìyókù wa ń sọ. Ó ń na ọwọ́ sí ènìyàn, ó ń ní, "A kú ewu o. A kú ewu ọmọ." Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Baba, Baba dá a lóhùn kíákíá: "Ewu iná kì í pa àwòdì." Ọmọ Tífì yẹn kò mọ èsì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà." Màmá ò gbà. Ó dúró lé e lórí, ó ń sọ ọ́ fún un ní ẹyọ-ẹyọ títí òun náà fi dáhùn bó ṣe yẹ, kó tó kọjá lọ bá ẹlòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí mo sọ èyí fún ní mò ń rò ó jù, pé àgbà ti dé sí Màmá, ó kàn gbàgbé ohun tó yẹ kó wí ni. Ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ẹnikẹ́ni kì í kí ẹni tó ń kọjá lọ lójú títì kú ewu ọmọ. Ilé tí wọ́n ti bímọ là ń kí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì dáhùn ti gbà pé ọmọ náà kan òun. Obìnrin tó ń wá ará ilé Jósẹ́fù ní ìbẹ̀rẹ̀ Ádífẹ́ǹtì ló ń kí wa yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tún lọ sí Mísà, ohun tí ọ̀pọ̀ tó bá ti wá lóru kì í ṣe. Ìjọ ti ya Mísà Kérésì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti òru, ti àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ti ọ̀sán, oníkálukú wọn ló sì ní ìwé kíkà tirẹ̀. Ti ọ̀sán, ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìnrere Jòhánù ni. Kò sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nínú rẹ̀, kò sí ìkókó, àwọn ọmọdé kì í sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ lọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kí a tó dé ibi tó ti ní ó wá sọ́dọ̀ àwọn tirẹ̀, àwọn tirẹ̀ kò sì gbà á. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó gbà á ló fún ní agbára láti di ọmọ Ọlọ́run. Jòhánù ti dá Màmá lóhùn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn ará ilé ni kò gbà á. Àwọn tó sì gbà á ti di ará ilé, láìka ibi tí wọ́n ti wá sí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí Kérésì jẹ́ fún páríìṣì, yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ fún mi nínú ilé mi, èyí ni mo ní láti sọ. Ìdí sì nìyí tí mi ò fi gbà pé àwọn tó kù ní Ìbàdàn ni àṣẹ́kù ìjọ. Àwọn ni ilé tí wọ́n bí ọmọ sí.

Ọjọ́ kẹjọ

Ibi tí mo ti ní ẹjọ́ pẹ̀lú gbogbo wa nìyí, àtẹni tó rìnrìn-àjò àtẹni tó dúró. Bí ilẹ̀ 26 bá ti mọ́, a ti gbàgbé ọmọ. Ìjọ kò tíì gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló fi ń ṣe ọdún náà bí ẹyọ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe ọjọ́ dídùn ni gbogbo wọn. Ọjọ́ kejì ọdún ni ti Stéfánù tí wọ́n sọ lókùúta pa. Ọjọ́ kẹrin, 28 Oṣù Kejìlá, ni ti àwọn ọmọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tí Hẹ́rọ́dù pa.

Ṣáájú kì í ju ènìyàn mélòó kan tó ń wá Mísà ọjọ́ yẹn. Ní ọdún 2024, ó yàtọ̀. Ní 18 Oṣù Kejìlá ọdún náà, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọdún tí wọ́n ṣètò fún àwọn ọmọdé nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ní Basọ̀run, níbí, nínú ìgboro wa. Nítorí ẹ̀bùn ọdún àti oúnjẹ ni àwọn òbí ṣe kó wọn lọ. Nígbà tí a dé ibi tí Mátíù ti ní Rákélì ń sunkún àwọn ọmọ rẹ̀, tó kọ̀ kí wọ́n ṣìpẹ̀ fún òun, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Ẹni tó bá ní Kérésì jẹ́ ọ̀rọ̀ ayọ̀ nìkan, kó wá sọ ọ́ nílùú Ìbàdàn.

Ọjọ́ kẹjọ gan-an ni 1 Oṣù Kìíní. Lúùkù orí kejì, ẹsẹ kọkànlélógún: nígbà tí ọjọ́ mẹ́jọ pé, wọ́n kọ ọmọ náà nílà, wọ́n sọ ọ́ ní Jésù. Yorùbá wo ni èyí ò yé? Gbogbo wa ló mọ ohun tí ọjọ́ kẹjọ jẹ́. Kò sẹ́ni tí í bímọ tán tó ń sùn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ṣùgbọ́n a ti fi gbogbo òru 31 gbàdúrà àjọ̀dún tuntun, a ti kígbe, a ti fò sókè, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ìsọmọlórúkọ ọmọ tí a tìtorí rẹ̀ ra aṣọ, àwọn àgbà díẹ̀ àti àwọn ọmọ ìdí pẹpẹ ló ń wà níbẹ̀. Bóyá ojú oorun ni. Lójú tèmi, a kì í ṣe ará ilé dé ibẹ̀ yẹn.

Wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Mátíù wo ilé tirẹ̀ náà, ó ka ìran Jésù láti Ábúráhámù, ìjọ sì ń kà á lálẹ́ ọjọ́ 24, níbi Mísà ìṣọ́lẹ̀ ọdún. Ẹbí wa ì bá ti fo orúkọ kan dá níbẹ̀. Támárì tó bímọ fún baba ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ráhábù ará Jẹ́ríkò àti ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí, ó wà níbẹ̀. Rúùtù ará Móábù, àjèjì tó tẹ̀lé ìyá ọkọ rẹ̀ wá sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù yìí kan náà, ó wà níbẹ̀. Ilé tí a ń wò kí a tó sọ ọmọ yìí lórúkọ, àlejò ló kún inú rẹ̀ látilẹ̀wá.

Ìrẹsì àìsè

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ìgbìmọ̀ páríìṣì. Ohun tí mo gbé kalẹ̀ kò tóbi: ní ọjọ́ Kérésì, lẹ́yìn Mísà ọ̀sán, kí gbogbo ẹni tí kò rìnrìn-àjò jókòó jẹun pọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Àwọn kan ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, pé ẹgbẹ́ St Vincent de Paul ti ń pín ìrẹsì fún àwọn aláìní lọ́dọọdún. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ńlá sì ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n ìrẹsì àìsè ni wọ́n ń pín. Ìrẹsì àìsè á gbé oníkálukú padà sí yàrá rẹ̀, òun àti sítóòfù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe aláìní. Nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé kò nílò ẹ̀kún àpò ìrẹsì, ẹni tí yóò bá a jẹun ló nílò.

Ìbẹ̀rù èrò ni àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Basọ̀run, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. A ti fẹnu kò pé a ò ní kéde oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ orúkọ àwọn tó ń dúró, gbogbo ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni yóò wà ní ṣíṣí, kò sì ní sí ìlà kankan: àwọn ọ̀dọ́ ló máa gbé oúnjẹ lọ bá ènìyàn níbi tó jókòó.

Owó ṣì kù. Akápò ní kí á kọ iye tí yóò jẹ́ wá kí Oṣù Kẹwàá tó parí, ó sì ti ń wo iye gáàsì bí ẹni tó rí ejò. Alhaja tí ilé wọn kángun sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n máa ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí Fádà, ti gbà láti yá wa ní ìkòkò ńlá méjì àti àdògán. Àwọn ìyá ìjọ ti gba ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Mọ́ínmọ́ín ló di ìjà. Màmá ní òun lòun máa ṣe é, kí ẹnikẹ́ni má mú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta wá síwájú òun, pé orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ ẹ̀wà ìkómọjáde. Àwọn ọ̀dọ́ tí Màmá ti yàn láti máa lọ ọ́ ti ń bẹ Fádà kó bá àwọn bẹ̀ wọ́n.